Bọ́tìnì Tó Wà Lábẹ́ Igi Obì

Ohun tí mi ò rántí nípa ọdún tí mo lò ní Iléṣà pọ̀ ju ohun tí mo rántí lọ, ó sì yẹ kí n fi èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Mi ò rántí àwọ̀ ilẹ̀kùn ilé náà. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà bóyá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà tàbí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àpá kékeré kan wà ní ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ òsì mi. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé ọ̀bẹ tí mo fi ń bẹ iṣu ni ó gé mi lọ́dún náà, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá ń sọ ọ́, ńṣe ni ó máa ń dà bí ẹni pé ìtàn ẹlòmíràn ni mo yá. Láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì ni mo ti ń kọ ohun tí ojú mi bá rí lójoojúmọ́ sínú ìwé, àwọn ìwé náà sì kún àpótí méjì báyìí. Bí mo bá fẹ́ mọ ohun tí a jẹ lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí mi, mo lè ṣí i wò. Ọdún Iléṣà nìkan ni kò sí ìwé tí mo lè ṣí. Nígbà tí ó wá di pé kí n sọ òtítọ́ nípa rẹ̀ níwájú ẹbí, òtítọ́ tí mo ní lọ́wọ́ kò ju ohun tí ọmọdé kan rò pé òun ṣe lọ.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi ní Òṣogbo. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n gbé e lọ sí Òkè Ọya, màmá mi sì pọn àbúrò mi tẹ̀lé e. Wọ́n kó aṣọ mi sínú àpò ìyẹ̀fun kan, wọ́n sì fi mí ránṣẹ́ sí ìyá tí ó bí màmá mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Inú àgbàlá ọkọ rẹ̀ ni ó ń gbé, ní yàrá kan tí ojú fèrèsé rẹ̀ kọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa ibẹ̀ ni ìró rẹ̀. Ìgbálẹ̀ ni ó ń jí wa. Bí oòrùn bá ti yọ, ẹsẹ̀ ọmọdé ni ẹ ó máa gbọ́ nínú kòkó tí a sá sórí ẹní, nítorí àwa ọmọ ni a ń fi ẹsẹ̀ lásán yí i ká kí ó lè gbẹ dọ́gba. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ wa títí di ọjọ́ Ìsinmi. Ní ìrọ̀lẹ́, odó a máa dún láti ilé dé ilé, Ìyá Àgbà a sì jókòó láìgbójú sókè, a ní, "Ìyá Rèmí ti ń gún, ṣùgbọ́n iṣu yẹn kò jinná." Bí ọmọ Ìyá Rèmí bá gbé àwo iyán wá fún wa, kókó a máa wà nínú rẹ̀. Èmi tí mo ti Òṣogbo wá, ilé ni mò ń pe ohun tí gbogbo wọn ń pè ní ulé, wọ́n sì máa ń pè mí síwájú àlejò pé kí n sọ̀rọ̀ kí àwọn lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kì í rín mi ni Bósẹ̀, ọmọ ilé náà, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Bàbá rẹ̀ àti màmá mi jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbá ẹ̀yìnkùlé láràárọ̀. Àṣẹ kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà pa fún mi lórí rẹ̀: kí n má ṣe gbá ìdí igi obì. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ ń sinmi. Ewé a máa kún ibẹ̀ dé kókósẹ̀, ìbẹ̀rù a sì máa mú mi bí ìgbálẹ̀ mi bá súnmọ́ ọn. Ìgbà tí a ń pa èkùrọ́ ni mo tó gbọ́ ìdí rẹ̀. Mi ò lè sọ pé báyìí gan-an ni ó ṣe sọ ọ́; ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ ọ, láàárín òkúta àti èkùrọ́, kí n sì ti fi ọwọ́ ara mi gán an pọ̀ láti ìgbà náà. Ó ní ọkọ òun lọ jagun ní Bọ́mà. Lẹ́yìn tí ogun parí, kí wọ́n tó fún un ní ìwé pé kí ó máa lọ, ó sá kúrò ní bárékè, ó sì wọlé dé ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kan pẹ̀lú kóòtù sójà lọ́rùn. Ìyá rẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní aṣọ tí ó bá ti wọ inú ogun kì í wọ inú ilé ọlọ́mọ, ó sì tún ní kóòtù náà ni yóò tú u fó bí ọlọ́pàá bá wá a wá. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi obì, wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó fi sá pamọ́ sínú yàrá ẹ̀yìn, láìyọjú sí àdúgbò. Ní ọjọ́ kẹwàá ó kọrí sí Góòlù Kóòsì, ẹnikẹ́ni kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Oko ni àbúrò rẹ̀, tí ó bí bàbá Bósẹ̀, wà ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sàn-án náà, wọn kò sì jẹ́ kí ó mọ̀. Ìyá rẹ̀ tí ó mọ̀ kú kí ọmọ tí Ìyá Àgbà lóyún rẹ̀ tó rìn. Ọmọ náà ni màmá mi.

Nígbà tí mo béèrè ohun tí ó fi mọ̀ pé kì í ṣe àlá, Ìyá Àgbà nu ọwọ́, ó wọlé, ó sì mú agolo táàbà kan jáde. Bọ́tìnì idẹ kan ni ó wà nínú rẹ̀, ó tóbi ju bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ, adé kékeré kan sì wà lójú rẹ̀. Ó ní òun já a kúrò lára kóòtù náà kí wọ́n tó da erùpẹ̀ bò ó, ìyá ọkọ òun kò sì rí òun. Lábẹ́ bọ́tìnì náà ni ó kó kọ́bọ̀ oníhò sí, owó àtijọ́ tí ọjà ti kọ̀ nígbà tí náírà dé. Ó ti fún wa ní púpọ̀ nínú wọn kí a máa fi ṣeré. A ń fi òwú so wọ́n mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ bí ṣaworo. Bọ́tìnì náà nìkan ni kò fi fún ẹnikẹ́ni.

Mo jí i. Èyí ni ó dá mi lójú jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún náà, bóyá nítorí pé òun ni ojú ti ń tì mí sí láti ìgbà náà wá. Ohun tí ó sún mi dé ibẹ̀ kò burú lójú ọmọdé. Mo rò ó pé nítorí kóòtù náà kò pé ni olúwa rẹ̀ kò ṣe wá mú un, àti pé bí mo bá dá bọ́tìnì rẹ̀ padà fún un lábẹ́ ilẹ̀, ẹni tí ó ni ín yóò mọ̀, yóò sì wálé. Mo so kọ́bọ̀ oníhò bíi mẹ́fà tàbí méje mọ́ ọn, kí ó lè rí owó ọkọ̀ láti Góòlù Kóòsì. Mo dúró di ìgbà tí gbogbo ilé lọ sí ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Mo rí ara mi tí mo kúnlẹ̀ sórí ewé igi obì, tí mo ń gbẹ́ ilẹ̀, tí etí mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo fi gbẹ́ ẹ ni mi ò rí. Lẹ́yìn ìyẹn mo dúró de bàbá inú ìtàn yẹn fún ọjọ́ púpọ̀. Kò wá. Ìyá Àgbà kò pariwo pé nǹkan òun sọnù, kò na ẹnikẹ́ni, kò sì béèrè. Láàárín ọjọ́ yẹn náà ni ọwọ́ mi gé. Ó pè mí, ó fi àdín kùn ún, ó fi akísà mímọ́ dì í, kò bi mí léèrè ohun tí ó gé mi. Mo rántí èyí gẹ́gẹ́ bí inú rere. Ohun kan ṣoṣo tí ó máa ń ṣe, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí ó ń tú gèlè, ni kí ó wò mí kí ó ní, "Dúpẹ́, ǹjẹ́ o ní ohun tí o fẹ́ bá mi sọ?" Èmi a ní kò sí, mà. Ó ń béèrè bẹ́ẹ̀ títí bàbá mi fi wá mú mi padà sí Òṣogbo. Mo rò pé bí àgbà ṣe ń kí ọmọdé ni.

Màmá mi ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin báyìí, àwa méjèèjì ni a sì jọ ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo, nínú ilé tí bàbá mi kọ́. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí kò ní ìfẹ̀yìntì: mo ń gbé e dìde, mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń gbé omi kaná nítorí pé kò lè fara da èyí tí ó tútù, mo ń gbọ́ orúkọ mi ní ìgbà ogún láàárín wákàtí kan. Bí mo bá ṣí ìwé mi lálẹ́, gbólóhùn kan péré ni mo lè kọ kí oorun tó gbé mi. Nínú gbogbo ohun tí ó ń béèrè, ẹyọ kan ni kì í yí padà. Ó fẹ́ kí a sin òun sí ẹ̀gbẹ́ ìyá òun, ní àgbàlá bàbá òun ní Iléṣà. Ẹni tí àṣẹ àgbàlá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Bàbá Bósẹ̀, tí ó fi oṣù díẹ̀ ju màmá mi lọ. Kì í ṣe ìkà. Nígbà tí mo lọ bá a, ó ní kí wọ́n fún mi lómi, ó bi mí nípa orúnkún mi, lẹ́yìn náà ni ó wá sọ fún mi ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ìyàwó ilé ni Ìyá Àgbà, àwọn sì sin ín bí ìyàwó ilé. Pé àwọn tọ́ màmá mi dàgbà nínú ilé náà, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni à ń sin sí àgbàlá yẹn, ẹni tí màmá mi sì ń pè ní bàbá kò ti Bọ́mà dé rí, gẹ́gẹ́ bí ohun tí bàbá òun sọ fún òun kí ó tó kú. Mo sọ ìtàn kóòtù fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Aṣọ ti jẹrà, ṣùgbọ́n idẹ kì í jẹrà. Ẹ jẹ́ kí Lékè wá a wò. Bí ó bá rí i, mo jẹ́wọ́."

Lékè ni ó yá yàrá iwájú nínú ilé náà. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, wúrà tí wọ́n ń wà lágbègbè Ìjẹ̀ṣà ni ó fà á kúrò ní kíláàsì. Ó ra ẹ̀rọ kan tí ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀: ọ̀pá gígùn tí àwo pẹlẹbẹ wà nídìí rẹ̀, tí ń ké bí ọmọ ẹyẹ bí ó bá kọjá lórí ohunkóhun tí ó jẹ́ irin tàbí idẹ. Ó ti gbé e rìn dé etí odò tí ó tó mẹ́wàá, wúrà kò sì fi ojú kàn án. Ohun tí ó ń rí ni ìdérí ìgò, ìṣó, wáyà, àti owó àtijọ́ pẹ̀lú bọ́tìnì sójà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kó gbogbo wọn sínú agolo mílíìkì kan tí ó máa ń mì fún àlejò. "Àwọn ìyá àgbà ni wọ́n ń ran èmi lọ́wọ́, mà," ni ó wí fún mi. "Ohun tí ó já bọ́ létí aṣọ wọn ni mò ń jẹ." Ó fi tọ́rọ́ hàn mí, àti sísì, àti aníní tí ó fẹ́lẹ́ bí èékánná. Ó ní láàárọ̀ ni kí a wá, nítorí ilẹ̀ tí ìrì sẹ̀ sí máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbọ́ràn dáadáa.

Ọkọ̀ àárọ̀ ni a wọ̀ ní Old Garage, èmi àti màmá mi, àga rẹ̀ tí a ká sí ẹ̀yìn, àti ìrọ̀rí méjì tí mo fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí a fi dé. A gbé e jókòó sí abẹ́ òrùlé ilé ìdáná. Bàbá Bósẹ̀ jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó kí i, ó sì jókòó tì í, àwọn méjèèjì ń wo ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tí ń wo eré. Igi obì náà ti di kùkùté. Mo fẹ́ sọ pé mo rántí pé ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo kéré. Lékè tan ẹ̀rọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbá ilẹ̀ lọ gbá a bọ̀. Ẹ̀rọ ké, a rí ìdérí ìgò. Ó tún ké, a rí ṣíbí tí kò lórí. Ní ìdí ògiri, ó hú kọ́bọ̀ oníhò kan, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó gbé e fún màmá mi. Màmá mi yí i wò, ó ní, "Èyí kò tó owó ẹ̀kọ." Bàbá Bósẹ̀ ní tí ó bá jẹ́ pé ìyẹn ni ogún bàbá rẹ̀, kí ó má jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni ara mi kò lélẹ̀, nítorí pé òwú tí mo so ní ọjọ́sí ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú lọ́kàn mi.

Ìdí kùkùté náà ni Lékè ti dúró. Ó gbé ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, ó ké lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi ọkọ́ kékeré gbẹ́ ẹ, ó gé gbòǹgbò kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí erùpẹ̀ fi kan ìgúnpá rẹ̀. Nígbà tí ó yọ ọwọ́, ohun tí ó mú jáde dúdú bí èédú. Ó fi omi àti àtàǹpàkò ra á, adé kékeré náà sì yọ. Lékè gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ màmá mi, màmá mi sì pa ọwọ́ mọ́ ọn, ó gbé ìkúùkù náà sí àyà. Mo ti ń tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, mo ti rí i nínú ìrora tí kò ṣeé kọ sílẹ̀, n kò rí omijé rẹ̀ rí. Bàbá Bósẹ̀ fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde. Ó ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, àti pé irọ́ ọ̀hún ti wà lẹ́nu òun láìmọ̀. Ó ti fẹ́ bọ màmá mi lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo rì í síbẹ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: agolo táàbà, kọ́bọ̀, ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ìwà rere ni. Àárẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo ronú pé èmi ni yóò máa wá sí ibojì yẹn, tí n óò máa tu koríko rẹ̀, tí n óò sì máa mọ̀ pé orí olè tí mo jà ni a gbé ìyá mi tẹ́ sí. N kò ní agbára láti ru ẹrù mìíràn kún èyí tí mo ń rù. Lékè wo ihò náà, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ọmọdé lè gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó báyìí?" Mo ní bóyá òjò ọdún púpọ̀ ni ó ru erùpẹ̀ lé e. Ó ní níbo wá ni kọ́bọ̀ tí mo so mọ́ ọn wà, nítorí kọ́bọ̀ kì í jẹrà. Mo tọ́ka sí ọ̀kan tí ó rí nídìí ògiri, mo ní àgbàrá ni yóò ti kó wọn lọ. Ó yà mí lẹ́nu, bí mo ti ń kọ èyí, pé èmi tí ohunkóhun kò dá lójú nípa ọdún náà, mo jà fún ohun kan yìí bí agbẹjọ́rò. Bàbá Bósẹ̀ padà jókòó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo sọ òtítọ́. Ó ní kí Lékè pa ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó dí ihò náà. Lékè ní ó ṣì ń ké, Bàbá Bósẹ̀ ní ó tó. Ó wá yíjú sí màmá mi.

"Àbúrò mi, mi ò bá ọ jà."

"Bọ̀ọ̀dá, mo mọ̀," ni màmá mi wí. "Ìyá mi kò purọ́."

Kò sọ ohun mìíràn títí a fi dé Òṣogbo. N kò lè sọ pé ó bínú sí mi. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo wẹ̀ ẹ́, mo bọ́ ọ ní ẹ̀kọ tí mo fi mílíìkì sí, ó mu ún ní ṣíbí mẹ́ta, ó sì yíjú sí ògiri. Ó ti tọ́jú bọ́tìnì náà sábẹ́ ìrọ̀rí, n kò sì ní ìgboyà láti gbà á. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e kò mẹ́nu ba Iléṣà mọ́, ẹ̀bẹ̀ tí kì í yí padà ti dákẹ́. Mo ti máa ń gbàdúrà pé kí ó dákẹ́. Nígbà tí ó wá dákẹ́, ilé náà tóbi jù fún èmi nìkan. Mo gbìyànjú láti kọ ọ́ sínú ìwé, mo rí i pé ojú ìwé náà ṣófo ní ọjọ́ mọ́kànlélógún.

Bósẹ̀ ni ó pè mí. Nọ́ọ̀sì ni ó jẹ́ kí ó tó fẹ̀yìntì, Àkúrẹ́ ni ó ń gbé. Ó lọ kí bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì sọ ìtàn náà fún un gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ọmọ tí ó jẹ́ olóòótọ́. Kò kí mi.

"Dúpẹ́, kí lo lọ sọ fún bàbá mi?"

Mo ní òtítọ́ ni.

"Òtítọ́ tìẹ nìkan. Ṣé ìdí igi obì ni o rì í sí? Ìwọ tí o kì í lè fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀? Ẹ̀yìn ilé adìẹ ni, èmi ni mò ń yọjú wò ọ́."

Ó ní ọ̀fun ń dun òun lọ́jọ́ náà, wọn kò mú òun lọ sí ìsìn, èmi kò sì mọ̀ pé òun wà nílé. Ní ọjọ́ kejì, òun lọ hú u nítorí kọ́bọ̀. Nígbà tí òun rí bọ́tìnì nídìí rẹ̀, òun gbé e lọ fún Ìyá Àgbà kí ó lè yin òun. Kò yin òun. Ó ní kí òun jókòó, ó sì mú òun búra pé òun kò ní wí fún mi, kí òun jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi wá. Mo bi í pé níbo ni bọ́tìnì náà wà báyìí. Ó ní òun ni òun ń gbé lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ní ọdún tí ó kú, nígbà tí èmi ń ṣe ìdánwò àṣekágbá ní Ìbàdàn; pé Ìyá Àgbà ti bẹ òun lórí ibùsùn pé kí bọ́tìnì náà bá a lọ, àti pé nígbà tí òun ń wọṣọ fún un, òun rán bọ́tìnì náà mọ́ inú tòbí rẹ̀, lápá ọ̀tún, níbi tí ojú kò ní rí i. Òwú dúdú ni òun fi rán an, nítorí kò sí funfun nílé. Nítorí náà, ọ̀kan wà nínú pósí lábẹ́ sìmẹ́ǹtì, ọ̀kan sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí màmá mi.

Ó ti sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ kí ó tó pè mí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Bósẹ̀ pe màmá mi fúnra rẹ̀, mo sì gbé fóònù náà sí i létí. Ohùn rẹ̀ ga, bí ti gbogbo àgbà tí kò fọkàn tán fóònù, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí Lékè tún gbẹ́ ibẹ̀, kí kóòtù ẹ̀gbọ́n bàbá òun máa sinmi. Ọ̀rọ̀ ọmọ òun tó òun. Ó ní òun ti ní kí wọ́n ṣán koríko ẹ̀gbẹ́ ibojì ìyá rẹ̀, kí wọ́n má sì gbé nǹkan kan lé ibẹ̀ mọ́. "Ṣùgbọ́n má kánjú o, àbúrò mi," ni ó wí. Màmá mi ní òun kò kánjú, kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí òun jẹun. Ó jẹun lóòótọ́.

Mo pe Bósẹ̀ padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. N kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́, mo wá bi í ní ohun kékeré kan: bóyá ó rántí ọ̀bẹ tí ó gé mi nídìí iṣu lọ́dún náà. Ó ní kò sí ọ̀bẹ kankan. Agolo sàdínnì tí mo fi gbẹ́ ilẹ̀ ni ó gé mi. Ẹ̀jẹ̀ mi wà lára òwú kọ́bọ̀ náà nígbà tí òun gbé e dé iwájú Ìyá Àgbà, ẹ̀jẹ̀ náà ni Ìyá Àgbà sì wò títí kí ó tó dìde lọ wá àdín.